Bí Ìrìn Orí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Tú Àṣírí Àrùn Ọkàn

Ẹ JẸ́ ká fojú inú wo bàbá ẹni ọdún 58 kan. Àràárọ̀ ló máa ń gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ní àjà kẹta. Àmọ́ láti nǹkan bí oṣù méjì, tó bá ti dé àjà kejì, ohun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé ẹnì kan gbé òkúta lé e. Á dúró, á ṣe bíi pé òun ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, nǹkan náà á sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ó ní ọgbẹ́ inú ló ń yọ òun lẹ́nu, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kó lọ sí ọsibítù. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ya bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú ọkàn rẹ̀ sórí ìwé. Kò sí àléébù kankan níbẹ̀.

Inú bàbá dùn, ó sì dìde pé kí òun máa lọ sílé. Àmọ́ dókítà sọ fún un pé kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, kó sì wọ bàtà tó lè fi rìn dáadáa. Ó fẹ́ kí bàbá rìn lórí ẹ̀rọ kan nígbà tí wáyà náà ṣì wà láyà rẹ̀. Ẹnu ya bàbá. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá ti dára, kí la tún ń wá? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dá àìsàn sí òun lára?

Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ ká mọ ohun tí àyẹ̀wò yìí lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, àti ìdí tí kò fi yẹ kéèyàn gbára lé èsì rẹ̀ láìronú.

Ìdí Tí Ọkàn Tó Ń Sinmi Fi Lè Fi Àrùn Pa Mọ́

Iṣan ni ọkàn. Bó ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ara, bẹ́ẹ̀ lòun fúnra rẹ̀ nílò ẹ̀jẹ̀. Àwọn òpójẹ̀ tó lọ́ mọ́ ọn lára níta ló ń bọ́ ọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rá àti àwọn èròjà mìíràn lè máa ṣù jọ sínú ògiri àwọn òpójẹ̀ yìí títí ojú ọ̀nà á fi há. Sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń mú kó yá kánkán. Èyí ni wọ́n ń pè ní àrùn òpójẹ̀ ọkàn.

Ohun kan wà tó mú kí ọkàn yàtọ̀ sí àwọn iṣan yòókù. Kódà nígbà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, iṣan ọkàn ti ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà. Torí náà, bí iṣẹ́ bá pọ̀ sí i, kò lè fa púpọ̀ sí i látinú ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ yẹn. Àfi kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí òpójẹ̀ bá dá ṣáká, kò sí ìṣòro, torí ó lè fẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin pọ̀ sí i. Àmọ́ òpójẹ̀ tó ti há kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, àárín ìlù kan sí òmíràn, nígbà tí ọkàn bá dẹ ara rẹ̀, ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ráyè wọ inú iṣan rẹ̀ jù lọ. Bí ọkàn bá wá ń lù kìkì, àkókò ìsinmi yẹn á kúrú. Bí iṣan ṣe ń ké pé òun nílò ẹ̀jẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó fi lè gbà á ń dín kù.

A lè fi í wé omi ẹ̀rọ tó ń wọ ilé kan. Bí páìpù bá ti dí díẹ̀, ẹni tó bá ń bu omi sínú ife kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí gbogbo ará ilé bá fẹ́ wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni àṣírí á tú. Bí ọ̀rọ̀ ọkàn ṣe rí nìyẹn. Òpójẹ̀ kan lè há ju ìdajì lọ, síbẹ̀ kí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà téèyàn dùbúlẹ̀ má fi nǹkan kan hàn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìdí rèé tí dókítà fi fẹ́ rí ọkàn bàbá yẹn nígbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bí Àyẹ̀wò Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kíyè sí i pé ìrìn ló máa ń fa irú ìrora yìí, tí ìsinmi sì máa ń lé e lọ. Lọ́dún 1768, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Heberden ṣàlàyé fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú London nípa àwọn kan tí àyà máa ń fún bí wọ́n bá ń rìn, pàápàá tí wọ́n bá ń gun òkè tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, tó sì máa ń dáwọ́ dúró ní gbàrà tí wọ́n bá dúró. Àmọ́ kò sí ẹ̀rọ kankan nígbà náà tó lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Willem Einthoven, tó jẹ́ ará Netherlands, ṣe ẹ̀rọ tó ń ya iná mànàmáná ọkàn sílẹ̀ lọ́nà tó ṣe kedere. Iṣẹ́ yìí ló mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1924. Lọ́dún 1928, Harold Feil àti Mortimer Siegel, nílùú Cleveland ní Amẹ́ríkà, mú kí àwọn aláìsàn tí àyà máa ń dùn ṣe eré ìmárale, wọ́n sì rí i pé ìlà tí ẹ̀rọ ń yà yí padà nígbà tí ìrora dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Arthur Master nílùú New York gbé àyẹ̀wò kan jáde tó jẹ́ pé ṣe lèèyàn á máa gun àtẹ̀gùn onípele méjì lọ sókè sódò, tí wọ́n á sì wo bí ọkàn àti ìfúnpá rẹ̀ ṣe ṣe sí i.

Ẹni tó wá sọ ọ́ di ohun tí ọ̀pọ̀ ọsibítù kárí ayé ń lò ni Robert Bruce, dókítà kan ní yunifásítì tó wà nílùú Seattle, ní Amẹ́ríkà. Dípò àtẹ̀gùn, ó lo ẹ̀rọ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, kéèyàn lè máa rìn lójú kan náà. Ọ̀nà ìgbàṣe tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1963 ṣì wà títí dòní, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè é.

Ohun Tó Máa Ń Ṣẹlẹ̀ Lọ́jọ́ Àyẹ̀wò

Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ wáyà mẹ́wàá mọ́ ẹni náà lára, wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n á sì ya ìlà ọkàn rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á gorí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ lé ọ̀nà ti Bruce, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á máa yí ní ìwọ̀n kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan, èyí tó rọra ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rìn lọ, àmọ́ ó dagun ní ìwọ̀n ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ìpele kejì, ó di kìlómítà 4 àti ìdá 12. Ní ìkẹta, ó di kìlómítà 5.5 àti ìdá 14. Tó bá fi máa di ìpele kẹrin, ọ̀pọ̀ á ti máa sáré gun òkè. Àwọn tí ara wọn kò le tó bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní ìpele tó rọrùn ju ìwọ̀nyí lọ. Àwọn ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tó dúró lójú kan ni wọ́n ń lò.

Ní gbogbo àkókò yẹn, dókítà tàbí ẹni tó ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ á máa wo ìlà náà, wọ́n á máa wọn ìfúnpá, wọ́n á sì máa béèrè bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń rìn. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ìlùkìkì ọkàn dé ìwọ̀n kan ó kéré tán. Ọ̀nà tó rọrùn láti ṣírò rẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220, kí wọ́n sì mú ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ṣẹ́ kù. Fún bàbá ẹni ọdún 58 tá a ń sọ, 220 tá a bá yọ 58 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 162, ìdá 85 rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìgbà 138 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọkàn kò bá dé ibẹ̀, àyẹ̀wò tí kò fi nǹkan kan hàn kò tíì sọ pé nǹkan kan kò sí.

Bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá kọjá lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀, wọn kò ní tíì tú wáyà náà, torí nígbà míì ìgbà téèyàn bá ń sinmi ni ìyípadà ń fara hàn.

Kí Ni Dókítà Ń Wò?

Nínú ìlà tí ẹ̀rọ ń yà, apá kan wà lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó tẹ́jú. Bí ebi ẹ̀jẹ̀ bá ń pa iṣan ọkàn, apá yẹn lè lọ sílẹ̀. Bó bá fi mìlímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, tó sì tẹ́jú síbẹ̀ tàbí tó ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á kà á sí àmì àrùn.

Àmọ́ ìlà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ṣé ìrora tó mú ẹni náà wá sí ọsibítù fara hàn lórí ẹ̀rọ? Ṣé ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sókè bó ṣe yẹ, àbí ó já wálẹ̀, èyí tó lè jẹ́ àmì pé ọkàn kò lè gbé ẹrù náà? Ìṣẹ́jú mélòó ló lè fi rìn? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2002, tí wọ́n ṣe láàárín ọkùnrin tó lé ní 6,000, fi hàn pé agbára tẹ́nì kan ní láti ṣe eré ìmárale lórí ẹ̀rọ náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tó ń sọ jù lọ bóyá ẹ̀mí rẹ̀ máa gùn.

Lọ́dún 1987, àwọn dókítà ní yunifásítì Duke, ní Amẹ́ríkà, pa nǹkan wọ̀nyí pọ̀ sínú ìṣirò kan. Wọ́n á mú iye ìṣẹ́jú téèyàn fi rìn ní ọ̀nà ti Bruce. Wọ́n á yọ mìlímítà tí ìlà fi lọ sílẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́nà márùn-ún. Wọ́n á tún yọ 4 bí àyà bá dùn ún, tàbí 8 bó bá jẹ́ pé ìrora náà ló dá a dúró. Bí bàbá yẹn bá rìn fún ìṣẹ́jú 9 láìsí ìrora, tí ìlà rẹ̀ kò sì yí padà, 9 ló gbà. Ẹni tó bá gba 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu rẹ̀ kéré. Àmọ́ ká ní ìṣẹ́jú 4 péré ló rìn, tí ìlà fi mìlímítà 2 lọ sílẹ̀, tí ìrora sì dá a dúró, 4 tá a bá yọ 10 àti 8 kúrò nínú rẹ̀ á fi 14 dín sí òdo. Ẹni tó bá fi 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí òdo wà nínú ewu ńlá. Nígbà tí wọ́n lo ìṣirò yìí fún àwọn aláìsàn, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ewu wọn kéré ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Láàárín àwọn tí ewu wọn ga, ìdá 79 ni.

Kí Nìdí Tí Èsì Kan Náà Fi Lè Ní Ìtumọ̀ Méjì?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi àyẹ̀wò yìí lóye. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí kó ìwádìí 147 pọ̀ lọ́dún 1989, wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, bí èèyàn 100 bá ní àrùn náà, àyẹ̀wò yìí ń rí 68 mú, ó sì ń jẹ́ kí 32 lọ. Bí èèyàn 100 kò bá ní in, ó ń dá 77 láre, ó sì ń fi ẹ̀sùn kan 23 láìṣẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ká sọ pé a kó èèyàn 100 jọ tí ara wọn le, tí àyà kò dùn rí, tó sì jẹ́ pé márùn-ún péré nínú wọn ló ní àrùn náà. Àyẹ̀wò á rí nǹkan bí mẹ́ta mú nínú márùn-ún, àmọ́ á tún nàka sí nǹkan bí 22 tí kò ní nǹkan kan. Nínú 25 tí jìnnìjìnnì bá bá, 3 péré ló ní àrùn lóòótọ́.

Ní ọwọ́ kejì, ká sọ pé a kó 100 àgbàlagbà jọ tí àyà wọn máa ń fún bí wọ́n bá ń gun òkè, tí 80 nínú wọn sì ní àrùn náà. Àyẹ̀wò á nàka sí nǹkan bí 59, 54 nínú wọn á sì jẹ́ òótọ́. Àmọ́ 41 tí wọ́n sọ fún pé èsì wọn dára ńkọ́? Nǹkan bí 26 nínú wọn ṣì ní àrùn!

Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ̀rí kan ni láàárín àwọn ẹ̀rí mìíràn, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá sọ. Bí àmì àìsàn bá hàn kedere, èsì tó dára lórí ẹ̀rọ kò tó láti fi gbàgbé rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan tún wà tó ń mú kí èsì náà ṣini lọ́nà. Ó máa ń ṣìnà láàárín àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wà lára fún ọdún púpọ̀ débi tí iṣan ọkàn fi nípọn, ìlà náà lè lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé òpójẹ̀ há. Ó yẹ káwa tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín wa fi èyí sọ́kàn. Oògùn digoxin náà lè fa irú ìyípadà bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ Ó Léwu?

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé ọkàn lè dá dúró lórí ẹ̀rọ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 1971, tó wo nǹkan bí 170,000 àyẹ̀wò, fi hàn pé ẹnì kan ló ń kú nínú nǹkan bí àyẹ̀wò 10,000. Ewu náà kéré, àmọ́ kì í ṣe òdo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní irinṣẹ́ àti oògùn pàjáwìrì lárọ̀ọ́wọ́tó, tí wọ́n sì máa ń dá ẹ̀rọ dúró bí ìrora bá le, bí òòyì bá ń kọ́ ẹni náà, bí ìfúnpá bá já wálẹ̀, tàbí bó bá kàn sọ pé ó tó òun.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gorí ẹ̀rọ náà rárá: ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ní ọjọ́ kan tàbí méjì sẹ́yìn, ẹni tí àyà ń dùn kódà nígbà tó bá ń sinmi, àti ẹni tí ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn rẹ̀ ti há gan-an. Bí ìrora tó ń tẹ àyà mọ́lẹ̀ bá lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìrọlẹ̀, pàápàá bó bá mú òógùn tútù tàbí èébì dání, kì í ṣe àkókò àtidúró de ọjọ́ àyẹ̀wò nìyẹn. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun Tó Ti Yí Padà

Nítorí àwọn àléébù tá a ti mẹ́nu kàn, àwọn ọ̀nà mìíràn ti ń gba ipò àyẹ̀wò yìí láwọn ibì kan. Lọ́dún 2010, àjọ NICE, tó ń fún àwọn dókítà ní ìtọ́sọ́nà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kí wọ́n má ṣe lo ìrìn orí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìlà ọkàn nìkan láti fi mọ̀ bóyá ẹni tí wọn kò tíì rí àrùn yìí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní in. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń lo ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán òpójẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín èèyàn 4,146 ní Scotland fi hàn lọ́dún 2018 pé, láàárín ọdún márùn-ún, ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi CT kún ìtọ́jú wọn ni àrùn òpójẹ̀ ọkàn pa tàbí tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, nígbà tó jẹ́ ìdá 3.9 láàárín àwọn yòókù. Kì í ṣe àwòrán ló wò wọ́n sàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ tí àrùn wọn ì bá fara sin bẹ̀rẹ̀ oògùn tó yẹ lásìkò.

Ṣé ìrìn orí ẹ̀rọ ti wá di aláìwúlò ni? Rárá o. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ CT tàbí tí owó rẹ̀ ga ju agbára aláìsàn lọ, ó ṣì ń ranni lọ́wọ́. Bákan náà, àwòrán ò lè sọ ìwọ̀n iṣẹ́ tí ọkàn lè gbé, tàbí bí ìfúnpá ṣe ń ṣe nígbà téèyàn bá ń gun òkè. Àwọn ọsibítù kan sì ń fi àwòrán ọkàn kún ìrìn náà kí èsì rẹ̀ lè túbọ̀ ṣeé gbára lé.

Bí Ẹ Ṣe Lè Ran Dókítà Lọ́wọ́

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ má ṣe jẹun púpọ̀ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú, ẹ má ṣe mu sìgá, ẹ sì wọ aṣọ àti bàtà tó rọrùn. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò, títí kan àgbo. Àwọn oògùn kan kì í jẹ́ kí ọkàn yára lù, dókítà sì lè ní kẹ́ ẹ dá wọn dúró fúngbà díẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Lórí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe fi ìrora pa mọ́ torí pé ẹ fẹ́ kí èsì dára. Ẹni tó bá tan dókítà jẹ, ara rẹ̀ ló tàn.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ nípa bó ṣe ń ṣe yín. Ìgbà wo ló ń dé? Kí lẹ̀ ń ṣe nígbà tó dé? Ṣé ó ń rọlẹ̀ bẹ́ ẹ bá dúró? Ṣé ó ń lọ sí apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n? Àwọn kan, pàápàá àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, kì í ní ìrora àyà rárá. Mímí tó ń há tàbí àárẹ̀ tó ṣàjèjì ni wọ́n máa ń rí.

Bí èsì bá sì dára, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ẹ ti gba ìwé àṣẹ láti máa jẹ ohun tó bá wù yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ọ̀rá tó ṣù jọ tí kò tíì dí òpójẹ̀ púpọ̀ ló ya, tí ẹ̀jẹ̀ sì dì lé e lórí. Ìrìn orí ẹ̀rọ kì í sábà rí irú rẹ̀. Títọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, jíjáwọ́ nínú sìgá àti rírìn déédéé ṣì pọn dandan.

Bàbá ẹni ọdún 58 yẹn ńkọ́? Wọ́n sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Oògùn ọgbẹ́ inú kò lè la òpójẹ̀ ọkàn tó há. Ní àjà kejì lọ́hùn-ún, nígbà tó ń ṣe bíi pé òun ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ọkàn rẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí òun náà sọ ọ́ fún dókítà, kó wọ bàtà rẹ̀, kó sì padà lọ rìn níbi tí wọ́n ti lè rí ohun tó ń ṣe é.